Ọjọ́ Tí Mo Ní Kó Lọ Mú Bàbá Rẹ̀ Wá

Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ní kí n wá bá àwọn tíṣà tuntun sọ̀rọ̀ ìyànjú ní Kabba, nítorí pé mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, mi ò sì tíì ya wèrè. Wọ́n á jókòó síwájú mi pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, bíírò lọ́wọ́, ìbẹ̀rù lójú, bí ẹni tó ń dúró de abẹ́rẹ́. Wọ́n ń retí kí n sọ bí a ṣe ń kọ nóòtì iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àti ohun tí èèyàn ń ṣe kí kíláàsì tó lè dákẹ́. Èmi kì í sọ ìkankan nínú rẹ̀. Ìtàn ìtìjú ara mi ni mo máa ń sọ fún wọn. Tí mo bá fi máa sọ ọ́ tán, ara wọn á ti balẹ̀, wọ́n á máa wo ara wọn lójú pé bí irú obìnrin yìí bá lè di tíṣà, ìrètí ń bẹ fún àwọn náà.

Ìtàn náà nìyí. Àárín ìgboro Kabba ni wọ́n ti tọ́ mi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìyá mi ń ta aṣọ, iṣu tí mo sì mọ̀ ni èyí tó ti wà nínú ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí n yára jẹ́wọ́ ohun kejì: mo máa ń bínú. Ìyá mi ní kò sí omi tó tètè hó tó mi. Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, abúlé àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Kabba ni wọ́n gbé mi lọ, ní oṣù kìíní ọdún, àsìkò tí wọ́n ń gbin iṣu. Wọ́n fún mi ní kíláàsì karùn-ún, ọmọ mẹ́tàlélógójì, pátákó kan tó ti sán, àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. 

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí òun náà jẹ́ tíṣà ní Egbe, ti gbà mí nímọ̀ràn kí n tó lọ. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rù ẹ. Tó bá yá, wọ́n á fẹ́ràn ẹ." Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi, mo sì fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ iye ọdún tí "tó bá yá" náà máa gbà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe wọlé, gbogbo wọn dìde gìrì: "Okun o, Àńtí!" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá kí ní okun tí kò dáhùn, bóyá ó ṣàìsàn ni, bóyá ó fẹ́ jà. Èmi fẹ́ jà. Mo ní kí wọ́n jókòó, mi ò dáhùn, mo sì kọ déètì sójú pátákó. Mo rí i tí wọ́n ń wo ara wọn. Inú mi dùn, mo ní ìbẹ̀rù ti ń wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ kẹta, a dé orí ìṣirò ìdá. Wọ́n ti kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni pé ohun tí ọmọ mọ̀ nílé ni ká fi kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀. Mo ro ó títí, mo ní ta ló wà ní abúlé yìí tí kò mọ iṣu? Mo ya iṣu ńlá kan sójú pátákó. Ká sọ tòótọ́, ó rẹwà. Mo ní, "Iṣu kan rèé. Àwọn mẹ́ta fẹ́ pín in jẹ dọ́gbadọ́gba." Mo fi ṣọ́ọ̀kì gé e sọ́nà mẹ́ta, mo sì bèèrè pé, "Kí ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan?"

Ọmọbìnrin kan bú sẹ́rìn-ín.

Iwájú gan-an ló jókòó sí. Á tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, eyín rẹ̀ iwájú kan ti yọ. Kì í ṣe ẹ̀rín tí ọmọ ń fi ọwọ́ bò, ẹ̀rín láti inú ikùn ni. Mo wò ó ní ìwò tí mo ti fi dígí kọ́ra nílé. Ó dákẹ́. Mo nu iṣu náà, mo tún un yà, mo tún un gé sọ́nà mẹ́ta. Ó tún bú sẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà ran ẹni tó jókòó tì í, ó ran àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kíláàsì ti dà bí ilé ìkómọjáde.

Mo ní, "Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?" Ó na ọwọ́ sí pátákó, kò lè sọ̀rọ̀. Mo yẹ ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì mi wò, kò ya. Mo fọwọ́ kan orí mi, gèlè mi kò yẹ̀. Nígbà tí mi ò rí nǹkan kan, mo gbà pé èmi fúnra mi ni. Omi hó.

"Dìde! Gbé báàgì ẹ! Má padà wá síbí àfi tí o bá mú bàbá ẹ wá!"

Ẹ̀rín tán. Ó kó ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi sínú àpò, ó sì jáde láì wo ẹ̀yìn. Mo kọ́ ìdá títí agogo fi lù, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé wọ́n ti ń bẹ̀rù mi o, ó sì fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́ padà.

Ẹ̀yin tíṣà tuntun, ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ mi dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ọmọ fi ń rẹ́rìn-ín ní kíláàsì kò kàn yín rárá. Ó lè jẹ́ alángbá tó wà lára ògiri, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan sọ nǹkan lánàá, ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e ni. Ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Èmi bèèrè lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi ìbínú dáhùn fúnra mi.

Ní ọjọ́ kejì, àyè ọmọ náà ṣófo. Ọ̀gá ilé ìwé wa pè mí nígbà ìsinmi. Bàbá kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ni, ẹ̀pà kì í wọ́n lápò rẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ bó ẹ̀pà. Ó bó mẹ́ta kó tó lanu.

"Àńtí, ta lẹ ní kí ọmọ yẹn mú wá?"

"Bàbá ẹ̀ ni, sà."

"Bàbá tó bí i wà ní Kánò, tírélà ló ń wà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá nínú ilé yẹn ni bàbá àgbà, olórí ẹbí. Olórí ẹbí kì í sì í dá jáde lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ó ti ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ ní Odò-Ẹrẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ pe èkejì tó lọ yẹ ojú wò nílé ìwòsàn. Àńtí, ẹ ò pe òbí o. Ìpàdé ẹbí lẹ pè."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun kò rẹ́rìn-ín. Ó tún bó ẹ̀pà kan, kò sì jẹ ẹ́. Ó ní àbúrò ìyá ọmọ náà wà ní Àbújá, ó bímọ, ó sì ti ń bèèrè ọmọ yìí láti ìgbà Kérésì pé kó wá máa bá òun gbé ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá àgbà fi ń dá a lóhùn ni pé ọmọ ń lọ sílé ìwé.

"Ní báyìí tí tíṣà ti lé ọmọ wálé, kí ni bàbá fẹ́ wí? Obìnrin náà ní òun ń bọ̀ wá mú un ní Sátidé. Àńtí, mo ti rí márùn-ún tó lọ báyìí láti ilé ìwé yìí. Mi ò tíì rí èyí tó padà."

Wẹ́sìdeè la wà. Mo jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú mi, mo ń ṣe ìṣirò tí kò nílò iṣu: Tọ́sìdeè, Fúráìdeè, Sátidé. Àmọ́ nígbà tí ọ̀gá ní òun á bá mi dé ilé wọn, mo ní rárá. Mo ní tíṣà kì í lọ bẹ ọmọ ilé ìwé. Ẹ wo ẹni tí ọ̀rọ̀ bá débẹ̀ tó ṣì ń ṣakọ!

Ní Tọ́sìdeè, lẹ́yìn tí a pa ilé ìwé dé, ìgbéraga mi kò lè gbé e mọ́. Mo ní n ó yọ́ lọ. Ṣé ẹ mọ abúlé? Ẹsẹ̀ mi kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé tí obìnrin kan tó ń gé ilá ti kí mi: "Okun o, tíṣà! Níbo là ń lọ?" Mo ní mo fẹ́ ra tòmátì ni. Ọkùnrin kan tó ń ru ebu iṣu lọ sóko náà kí mi, ó ní, "Ṣé ilé ọmọ tí ẹ lé lẹ̀ ń lọ?" Mo ní rárá o, tòmátì ni. Ìyá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní wọ́n ti sọ fún òun pé mo ń wá tòmátì, pé ọmọ òun ní. Wọ́n mú mi wọlé, mo ra tòmátì agbọ̀n kan, àwọn ọmọ ilé náà sì fi ọ̀yàyà sìn mí padà dé ilé mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń jẹ ọbẹ̀ ìtìjú.

Ilẹ̀ ọjọ́ Fúráìdeè mọ́. Mo dúró níwájú kíláàsì, mo ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú mi kò kúrò lára àyè tó ṣófo níwájú. Lójijì ni ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn. Mo yíjú padà. Èèyàn mẹ́sàn-án ló dúró síbẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló ṣíwájú pẹ̀lú ọ̀pá àti fìlà. Ọkùnrin méjì gbé iṣu lérí, obìnrin kan gbé adìẹ mọ́ra. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ọmọ náà dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n ti fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́, báàgì rẹ̀ wà léjìká.

"Okun o, tíṣà," ni bàbá àgbà wí.

"Okun o, Bàbá," ni mo dáhùn kíákíá. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ míì nígbà tí mo rí i tó ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó ti fi ọwọ́ kanlẹ̀, ó fẹ́ fi àyà kanlẹ̀: "A wá bẹ̀ ọ́ ni. Ọma wa ṣẹ̀ ọ́." Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ níbẹ̀ nìyẹn.

Èèwọ̀! Bàbá tó lè bí bàbá mi! Mo kígbe pé, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" mo sì fi orúnkún méjèèjì lu sìmẹ́ńtì. Bí àwọn ìyá ṣe rí i pé tíṣà kúnlẹ̀, àwọn náà kúnlẹ̀, adìẹ ń pariwo. Àwọn ọkùnrin tó ru iṣu kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí, wọ́n lóṣòó pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọ̀gá ilé ìwé sáré dé láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó rí i pé gbogbo èèyàn ti wà nílẹ̀, òun náà lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà láìbèèrè. Ibẹ̀ wá há. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kò lè dìde kí wọ́n tó dá a lóhùn. Èmi kò sì lè dìde nígbà tí àgbà ṣì wà nílẹ̀. "Ẹ dìde, sà." "Kí tíṣà kọ́kọ́ dìde." "Ẹ̀yin ni àgbà, sà." "Àwa la wá bẹ̀bẹ̀." Orúnkún mi ti ń ta.

Àwọn ọmọ ló gbà wá. Nígbà tí wọ́n rí i pé gbogbo àgbààgbà ti kúnlẹ̀, wọ́n rò pé àdúrà ti dé. Ọmọ mẹ́rìndínlógójì tó wá lọ́jọ́ yẹn dìjú, wọ́n pa ọwọ́ pọ̀, ẹnì kan nínú wọn sì gbé e: "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run." Kí la fẹ́ ṣe? Gbogbo wa bá wọn gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a ṣe àmín, a sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Títí di òní, ìyẹn ni àdúrà tí mo mọ̀ pé ó gbà lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Bàbá àgbà tún ohùn ṣe.

"Tíṣà, kí ni ọma wa ṣe?"

"Ó rẹ́rìn-ín, sà."

Wọ́n wo ara wọn. "Kí ló rẹ́rìn-ín sí?"

"Iṣẹ́ tí mo ń kọ́ wọn ni, sà."

"Kọ́ àwa náà, ká gbọ́."

Mo ya iṣu náà, kò rẹwà tó ti Túsìdeè. Mo ní, "Iṣu kan rèé. Àwọn mẹ́ta fẹ́ pín in jẹ dọ́gbadọ́gba." Mo gé e sọ́nà mẹ́ta. Mo gbọ́ tí bàbá tó ti Odò-Ẹrẹ̀ wá wúkọ́. Ìyá kan fi ìborùn bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ohun kan tú sílẹ̀ láàárín wọn, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wọn bú sẹ́rìn-ín, bàbá àgbà fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá lu ilẹ̀, omi ẹ̀rín ń jáde lójú rẹ̀. Mo dúró ti pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ta ni mo fẹ́ ní kó lọ mú bàbá rẹ̀ wá nínú wọn?

Bàbá àgbà nu ojú. "Tíṣà, má bínú. Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ọdún wo, sà?"

"Àwọn mẹ́ta tó jẹ iṣu yìí. O gé orí iṣu fún ẹnì kan, ó sì ti sè é jẹ. Orí iṣu la ń gbìn. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ lónìí, kí ni wọ́n máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?" Ó dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà kan sọ́rùn iṣu náà. "Gé èyí sọ́tọ̀, ó di ebu. Ó yá, pín ìyókù sọ́nà mẹ́ta bí ìwé ṣe wí."

Ó dá ṣọ́ọ̀kì padà fún mi. Mo wo kíláàsì. Gbogbo ọmọ ló ti mọ èyí láti Túsìdeè. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀, èmi náà ni mo sì ń gba owó oṣù.

Bàbá àgbà jókòó. "Ó dáa. A ti bẹ tíṣà, tíṣà sì ti gbà. Ọma, lọ jókòó."

Ọmọ náà kò mira. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di okùn báàgì rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ tì í lẹ́yìn díẹ̀, kò lọ. Bàbá àgbà bèèrè ohun tó ṣe é. Ó wo ilẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́:

"Àńtí ò tíì sọ nǹkan tí mo ṣe fún mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọdé kì í bá àgbà ro ẹjọ́, àmọ́ bàbá àgbà gbé ọwọ́ sókè, ó dákẹ́. Kò bá ọmọ náà wí. Kò bá èmi náà wí. Ó yọ fóònù kékeré kan nínú àpò, ó gbé e lé orí itan. Ó ní, "Àbúrò ìyá rẹ̀ ń retí mi láàárọ̀ yìí. Mo ní n ó sọ fún un bóyá kó máa bọ̀ lọ́la, bóyá kó jókòó." Ó wá ń wo òrùlé.

Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ mi ní èyí. Nílé wa, àgbà kì í sọ pé òun ṣẹ ọmọdé. Tí bàbá mi bá ṣẹ̀ wá, búrẹ́dì ló máa ń rà, á gbé e sórí tábìlì, á sì jáde lọ. Mo wo ọmọ náà, mo wo fóònù, mo wo àwọn ọmọ tí mo ti fi odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dẹ́rù bà. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá la ẹnu, iṣẹ́ mi tán nìyẹn, kò ní sẹ́ni tó máa bẹ̀rù mi mọ́. Àmọ́ ojú ọmọ náà ti pọ́n. Ó ti sunkún, bóyá láti Túsìdeè. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo lọ bá a. Mo lóṣòó síwájú rẹ̀ títí orí wa fi dọ́gba.

"O ò ṣe nǹkan kan," mo ní. "Èmi ni mo ṣe é. Mo rò pé èmi lò ń fi rẹ́rìn-ín. Mi ò dúró gbọ́ tẹnu ẹ, mo sì lé ẹ lọ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó wò mí dáadáa, bí ẹni tó ń wo ọjà bóyá ó pé. "Iṣu yẹn ni, Àńtí," ló wí. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó dé àyè rẹ̀, ó ní kí ẹni tó jókòó ti ibẹ̀ sún.

Bàbá àgbà ti ń tẹ fóònù. Ó jẹ́ ẹni tó gbà pé bí ibi tí èèyàn wà bá ṣe jìnnà tó ni kí ohùn ṣe lọ sókè tó. "Hẹ̀lóò! Má wá mọ́ o! Mo ní má wá! Ọma wà nílé ìwé! ... Wá ẹlòmíràn tó máa bá ẹ gbé ọmọ! ... Rárá! Tíṣà rẹ̀ wà níbí, ó ń ṣiṣẹ́!" Ó pa á. Wọ́n dìde, wọ́n kí mi ní okun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi iṣu àti adìẹ sílẹ̀ láìfetí sí gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi. Ọ̀gá ilé ìwé sìn wọ́n lọ, ó ń pín ẹ̀pà fún wọn.

Mo yíjú sí kíláàsì kí n tó lè mí. Ọmọkùnrin kan ti na ọwọ́ sókè lẹ́yìn.

"Àńtí, ẹ nà mí ní Mọ́ńdeè. Kì í ṣe èmi ni mo sọ̀rọ̀."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Mo ní, "Má bínú."

Ọwọ́ kejì gòkè. "Àńtí, ẹ gba bọ́ọ̀lù mi, ẹ ò tíì dá a padà." Ẹ̀kẹta ní òun kí mi ní okun lọ́jà, mi ò sì dá òun lóhùn. Kí n tó ka mẹ́wàá, ọwọ́ ti pọ̀ lókè ju ti ìgbà tí mo bá bèèrè ìbéèrè lọ. Mo wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọ̀gá á gbà mí. Ó ti lọ tipẹ́. Mo fa àga mi wá síwájú, mo jókòó, mo ní kí wọ́n tò sórí ìlà.

Mo bẹ̀bẹ̀ títí agogo oúnjẹ fi lù. Ó ku ọmọ méjì lórí ìlà, wọ́n sì ní kí n má lọ síbì kankan, pé àwọn fẹ́ lọ jẹun ni, àwọn ń bọ̀ wá gba tàwọn.